Igi Àwọn Arìnrìn-Àjò Òfuurufú Lórí Àwọn Òkú Wa

Ìrẹ́pọ̀dùn Etí-Òkun,
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abereke,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí ìsọ̀ Wòsílátù oníṣòwò edé, Ebúté Ìgbókòdá. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tiwa ti wà lábẹ́ òkun.)

Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Owó Èéfín Ọkọ̀ Òfuurufú,
Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Ìtura,
Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú yín,

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢẸ LÁTI HÚ ÀWỌN ÒKÚ WA KÚRÒ LÁBẸ́ IGI TÍ ÀWỌN ARÌNRÌN-ÀJÒ SANWÓ RẸ̀, ÀTI ÈRÒ MI LÓRÍ OWÓ ÈÉFÍN

Orúkọ mi ni Ísákì Olówòkéré. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń kàn jẹun kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo sì jẹ́ olùtọ́jú Ilẹ̀ Ìsinmi, ìyẹn ilẹ̀ tí a ń sin òkú sí ní ìlú wa, láti ọdún 1994. Mo gbọ́ lórí rédíò lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé ẹ fẹ́ mọ èrò aráàlú: ṣé kí a sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú láti máa san owó fún èéfín tí ọkọ̀ náà ń tú sílẹ̀, kí a sì máa fi owó náà gbin igi tí yóò fa èéfín náà mu? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ẹ ó máa gba lẹ́tà títí di ìparí oṣù yìí. Èmi náà ní èrò. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, mo ní ẹjọ́ láti rò, nítorí pé orí ìyàwó mi ni ọ̀kan nínú àwọn igi náà dúró sí.

Mo mọ̀ pé ìwé àwọn ọ̀gá kò yẹ kó gùn. Ẹ forí jì mí. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ọdún 1951 ni àwọn bàbá wa tẹ Ìrẹ́pọ̀dùn dó, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìlú ìjọ tí wọ́n ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀kọ́ náà kò ṣòro sọ: ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wa. Ọkọ̀, àwọ̀n, ilé, ẹja tó bá gúnlẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé tòun ni. Ẹni ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n nà mí nítorí pé mo pe ṣíbí kan ní ṣíbí mi. A ti fi ọ̀pọ̀ nínú ìgbé ayé yẹn sílẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni oníkálukú ti ń ta ẹja tirẹ̀, a sì ń jowú ara wa bíi ti àwọn ìlú yòókù. Ilẹ̀ òkú nìkan ni a kò fọwọ́ kàn. Níbẹ̀, a kì í ri òkúta mọ́lẹ̀, a kì í kan àgbélébùú, a kì í kọ orúkọ. Olórí ìjọ àti ẹni tí kò ní ju ṣòkòtò kan lọ, bákan náà ni ilẹ̀ wọn tẹ́jú.

Nítorí èyí ló fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ní ìlú ló máa ń mọ ibi tí òkú kọ̀ọ̀kan sùn sí. Ẹsẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi, olóògbé Jákọ́bù, fi aṣọ dì mí lójú, ó ní kí n gbé ẹ̀yìn mi ti òpó ẹ̀yìn ìjọ, ó sì mú mi rìn. Ìṣísẹ̀ mélòó síwájú, mélòó sí ọ̀tún tàbí òsì, ta ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ṣì í, a ó padà sídìí òpó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Òkú mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni mo mọ̀ láìwo ìwé. Rèbékà, ìyàwó mi, wà ní ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì síwájú, mẹ́sàn-án sí ọwọ́ òsì. Ọdún 2009 ni mo sin ín. Àwọn ará ní kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn gbẹ́ ilẹ̀ náà, mo ní rárá, iṣẹ́ mi ni, n kò sì ní gbé e fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tó le jù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ilẹ̀ líle lè má mọ bí òkun ti ń ṣe wá. Ó ti gba òpópónà mẹ́ta lọ́wọ́ wa. Ó gba ilé ìwé, ó gba ilé ìgbẹ̀bí, ó sì gba ilé ìjọ lọ́dún 2019 tòun ti òpó ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìlú, ilé iṣẹ́ epo kan ti la ojú omi gba inú odò wa kọjá kí ọkọ̀ wọn lè máa wọlé, èmi ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni iyọ̀ ti ń bá omi òkun wọlé. Omi mímu bàjẹ́, ọ̀pẹ kú lórí ìdúró. Ilẹ̀ Ìsinmi tó wà lẹ́yìn ìlú di ẹrẹ̀. Bí omi bá kún, ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ dúdú ni ojú ń rí, kò sí nǹkan mìíràn. Àwọn onímọ̀ ní èéfín inú ayé ló ń mú kí òkun máa wú sí i. Èmi kò kàwé dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, nítorí pé mo rí òkun tó wú.

Lóṣù Kejì ọdún 2021, àwọn kan tí wọ́n ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Ewé-Tútù wá bá wa. Wọ́n ní àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú kan lókè òkun ń fi owó sílẹ̀ fúnra wọn nítorí èéfín, àti pé igbó ẹ̀gbà ni àwọn fẹ́ fi owó náà gbìn fún wa. Ẹ̀gbà ni igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ jáde lókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Àwọn bàbá wa gé e tán nítorí ẹja yíyan. Inú wa dùn. Èmi gan-an ni mo gbàdúrà sórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìpàdé, mo ní ẹni tó ba nǹkan jẹ́ tó sì fẹ́ tún un ṣe, Ọlọ́run kò ní kọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún wọn tẹ́ àwòrán ilẹ̀ wa sórí tábìlì, ó ń fi bírò tọ́ka. Ta ló ni ibí yìí? Mo ní kò sí ẹni tó dá a ní. Ibí yìí ńkọ́? Mo ní kò sí ẹni tó dá a ní. Bírò náà dé orí Ilẹ̀ Ìsinmi, mo sì tún dáhùn bákan náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pàṣán kọ́ mi láti kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni òótọ́ sì rí. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kí n fi kún un pé òkú wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo ilẹ̀ yẹn lójoojúmọ́. Bí mo bá wò ó, Rèbékà ni mo ń rí, ìyá mi ni mo ń rí, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ìgbóná pa lọ́dún kan ni mo ń rí. Ta ni yóò gbin igi sí àárín èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo gbàgbé pé àlejò kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹrẹ̀ lọ.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ òfìfo tí kò ní olóhun ni. Ojú ewé mẹ́rìnlélógún ni ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Lóṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò. Ọjọ́ tí mo dé, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, n kò yà sílé, mo gba orí afárá pákó lọ sẹ́yìn ìlú kí n lọ kí Rèbékà. Igi kéékèèké ló kún ibẹ̀, ìlà lórí ìlà, bí ọmọ iléèwé lórí àdúrà òwúrọ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ojú mi ti là tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè ka ewé orí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni mo tó mọ ibi tí mo dúró sí. Mo jókòó sórí pákó títí àwọn ará fi wá gbé mi.

Wọ́n ní àwọn bá àwọn tó ń gbin igi jà. Wọ́n ní wọ́n fi ìwé hàn àwọn, ọwọ́ èmi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí àgbà bá ti fọwọ́ sí i, kí ni ọmọdé fẹ́ sọ? N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, lára igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n so àmì rọ́bà kékeré kan mọ́. Nọ́mbà wà lára rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó sanwó igi náà, àti ìlú tó ti wọ ọkọ̀. Mo ti mọ púpọ̀ nínú wọn sórí. Ẹnì kan wà láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Tọkọtaya kan wà tí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ń lọ fún ìsinmi ìgbéyàwó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, àwọn àmì náà a máa lu ara igi, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ láti òpin kan dé òpin kejì. Ìyá mi bí ọmọ mọ́kànlá, kò sí orúkọ lórí rẹ̀. Ẹni tó sùn nínú ọkọ̀ òfuurufú gba òkè orí rẹ̀ kọjá ló ní orúkọ níbẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n, n kò ní fi pamọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí láàánú, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún àwọn náà.

Ohun tó wá burú jù ni pé n kò lè rìn mọ́. Lẹ́yìn tí òpó ìjọ wọ omi, mo ti fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tuntun láti ìdí ilé omi onírin tó ṣẹ́kù, ó sì gún régé. Ṣùgbọ́n igi kò jẹ́ kí ènìyàn lọ tààrà. Bí mo bá ka ìṣísẹ̀ méje, mo ti kan igi. Bí mo bá yà fún un, kíkà mi ti dàrú. Mo mọ̀ pé àárín igi mẹ́rin kan ni Rèbékà wà. Lábẹ́ èwo nínú wọn, n kò mọ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń rí i. Kò bá mi jà rí. Ó kàn máa ń sọ pé ẹsẹ̀ òun wúwo, òun kò mọ ẹni tó jókòó lé e. Ẹ̀rù a máa bà mí láti sùn, èmi tí n kò bẹ̀rù òkú rí láyé mi.

Lóṣù Kẹta ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti àlá. Wòsílátù tí mo dárúkọ lókè, opó ni, mùsùlùmí ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ṣùgbọ́n ogún ọdún la ti jọ ń gbé. Bí omi bá fà, ó máa ń ṣa ìṣáwùrú lẹ́bàá àwọn igi náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gun orí afárá wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti ṣí ìbòrí funfun rẹ̀ kúrò lórí, ó fi di nǹkan kan, ó sì gbé e lé ọwọ́ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mojísọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn yín ti jáde síta."

Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ ni. Gbòǹgbò ẹ̀gbà ló gbé e sókè, ó ní ó há sáàárín ẹ̀ka gbòǹgbò méjì. Ó ti fi omi mímu wẹ̀ ẹ́, omi tí a ń fi ọkọ̀ rà láti Ìgbókòdá. Rèbékà ní àlàfo nínú ehín ìsàlẹ̀ níwájú. Egungun tí Wòsílátù gbé wá kò ní ehín iwájú kankan mọ́. N kò lè sọ pé òun ni, n kò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi báyìí, nínú ìbòrí náà, nítorí pé ìwé tí mo fọwọ́ sí kò gbà mí láyè láti gbẹ́ ilẹ̀ kí n dá a padà. Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti jọ ń gbé yàrá kan náà. Mo máa ń kí i láàárọ̀.

Ìlú wa ti fẹnu kò láti ṣí lọ sórí ilẹ̀ líle kọjá Ugbonla kí ọdún tó parí. Òkun kò ní fún wa láyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà sì sọ pé a kò ní fi òkú sílẹ̀. Bí a bá ṣe ń kó alààyè, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa kó wọn. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Omi oṣù Kẹjọ ló máa ń le jù. Ní ọdún tó kọjá, ó já ìlà igi mẹ́ta ní apá ìlà-oòrùn tòun ti ilẹ̀ abẹ́ wọn, òkú mẹ́jọ sì wà níbẹ̀. Mo lè ka orúkọ wọn fún yín. Bí a kò bá hú àwọn tó kù kí oṣù Kẹjọ tó dé, kò ní sí ẹni tí a ó hú mọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ sí ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Ewé-Tútù ní Ìgbókòdá lóṣù Kẹrin. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣìkẹ́mi ló gbà mí lálejò. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga àti omi tútù, ó sì fi sùúrù túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá fún mi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i. Ó ní fún ọgbọ̀n ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ náà tàbí kí ó fa igi kan tu. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lójú ọ̀run tó ń ya àwòrán wọn, tó sì ń kà wọ́n. Mo ní n ó wú igi náà jẹ́jẹ́ tòun ti ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, n ó tún un gbìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, mo mọ ọwọ́ igi. Ó ní ibi tí igi kọ̀ọ̀kan dúró ti wà nínú ìwé, bó bá ṣí kúrò, ó ti di pé kò sí. Ó béèrè bóyá a ní ìwé tó fi hàn pé itẹ́ òkú ni ilẹ̀ náà, bóyá àwòrán, bóyá orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ mi hàn án lórí ilẹ̀ onítáìlì wọn, mo rìn ín fún un láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Kò rẹ́rìn-ín. Omi dé sí i lójú. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àwọn igi yẹn ti di ti ẹlòmíràn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ padà sílé. Òun náà sọ pé ìgbìmọ̀ yín nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà padà, nítorí pé ẹ̀yin lẹ fún wọn ní àṣẹ.

Ní báyìí, èrò mi lórí ohun tí ẹ béèrè. Ṣé kí arìnrìn-àjò òfuurufú máa san owó èéfín? Kí wọ́n san. N kò ní jẹ́ kí ìbànújẹ́ mi sọ mí di aláìṣòótọ́. Igi náà ṣe wá lóore: alákàn ti padà, ẹja kéékèèké ti ń sá pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò, omi tó ń ya wọ ẹ̀yìn ìlú sì ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ti hẹlikópítà kún un pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n ń gba orí wa kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun, iná gáàsì wọn kì í sì í kú. N kò gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò. Ṣé èéfín tiwọn ń rùn dídùn ni?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń san ẹ̀san níbí. Láyé àwọn bàbá wa, kò sí ẹni tó ní owó lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ rẹ bá já àwọ̀n ẹlòmíràn, o kò lè sanwó fún un. O ó lọ jókòó tì í, ìwọ náà ó mú abẹ́rẹ́, ẹ ó jọ tún un so títí yóò fi parí, ìyàwó rẹ̀ yóò sì fún ẹ̀yin méjèèjì lóúnjẹ. Nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́rin ni. Nígbà tí o bá fi máa ṣetán, o ti mọ bí ojú àwọ̀n yẹn ti kéré tó àti iye ọmọ tó ń jẹ lára rẹ̀. Owó kò ṣe irú èyí. Ẹni tó sanwó rò pé òun ti tún un ṣe, ó sùn nínú ìjókòó rẹ̀. Kò mọ̀ pé ibì kan wà tí owó náà balẹ̀ sí. N kò sọ pé kí gbogbo wọn wá jókòó sínú ẹrẹ̀ wa; ibo la ó fi wọ́n sí? Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ bá máa gba owó lọ́wọ́ wọn, ẹ rán ènìyàn ṣáájú owó náà. Kí ẹni náà wá nígbà tí omi fà àti nígbà tí omi kún. Kí ó má béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ nìkan. Kí ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì dúró gbọ́ èsì.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ fún wa ní ìwé àṣẹ láti wọ Ilẹ̀ Ìsinmi, kí a wú igi tí a bá ní láti wú, kí a hú òkú márùndínlọ́gọ́jọ tó kù, kí a sì gbin igi náà padà sí ẹrẹ̀ tó ṣófo lóòótọ́. Èmi fúnra mi ni n ó fi ibẹ̀ hàn yín. Ẹ rán aṣojú kan wá kí ó rí bí a ṣe ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé olè igi ni wá.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje, omi yóò fà láàárọ̀. N ó wọlé lọ́jọ́ náà. Bí àṣẹ yín bá ti dé, n ó wọlé pẹ̀lú àṣẹ. Bí kò bá tíì dé, n ó wọlé, ẹ sì mọ ibi tí ẹ ti lè rí mi. Ibi igi mẹ́rin yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìhàlẹ̀. A kì í halẹ̀ mọ́ ọ̀gá ẹni, mo kàn ń sọ fún yín kí ó má ṣe bá yín lójijì ni.

Ó ku ohun kan tí n kò fẹ́ kọ. Mojísọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Rèbékà bí fún mi. Nọ́ọ̀sì ni ní Kánádà. Gbogbo ìgbà tó bá wálé, n ó mú un lọ́wọ́ lọ sí Ilẹ̀ Ìsinmi, n ó ka ìṣísẹ̀ mi, n ó dúró, n ó ní ibí nìyí. Yóò kúnlẹ̀ síbẹ̀, yóò sì ro ẹjọ́ ọdún náà fún ìyá rẹ̀. Ọdún 2018 ló wá kẹ́yìn. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ibì kan, wọ́n ní kó san owó èéfín bó bá wù ú, wọ́n sì to orúkọ ibi tí wọ́n ń gbin igi sí síwájú rẹ̀ kó yan èyí tó fẹ́. Ó rí Ìlàjẹ níbẹ̀. Ó yan ilé. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní, "Bàbá, mo gbin igi mẹ́ta sílé, ẹ bá mi lọ kí wọn."

Mo lọ. Wọ́n ti so orúkọ Olówòkéré mọ́ mẹ́ta lára àwọn igi tí kò tíì rí ẹni sanwó wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà lára igi mẹ́rin yẹn.

N kò tíì sọ fún un. Mo ti jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, mo ti jẹ́wọ́ fún Ṣìkẹ́mi, mo ti jẹ́wọ́ fún yín. Ẹnu mi kò gbà á fún ọmọ mi. Ó ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá. Ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé lọ́tẹ̀ yìí òun yóò san ti àlọ àti ti àbọ̀, kí igi òun nílé lè di mẹ́wàá, kí ọkàn ìyá òun lè balẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní ó ṣeun.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe òfin pé kí gbogbo ayé máa san án, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ẹnì kan sílẹ̀ fún mi. Orúkọ rẹ̀ ni Mojísọ́lá Rèbékà Olówòkéré. Títí n ó fi rí ìyá rẹ̀, ẹ má gba owó igi lọ́wọ́ ọmọ mi.

Mo kí yín fún sùúrù tí ẹ fi kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi tí ń retí ọwọ́ yín,

Ísákì Olówòkéré
Olùtọ́jú Ilẹ̀ Ìsinmi, Ìrẹ́pọ̀dùn Etí-Òkun